Ọ̀kẹ́ Kan àti Àwọn Apín Rẹ̀

Ó ká mi lára nígbà tí mo rí i pé "nọ́ńbà àkọ́kọ́" ni ìwé ìṣirò tí òbí Yorùbá kan ní Kukuo, ní Tamale, fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé pe 2, 3, 5, 7 àti ẹgbẹ́ wọn. Lójú ọmọ, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni 1. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1 gan-an ni kò sí nínú wọn!

Nílé nìkan ni ọmọ yìí ti ń gbọ́ Yorùbá. Èdè wa kò sí lára èdè tí ìjọba Gánà ń fi kọ́ni; láti ìgbà tí àṣẹ Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ti lé ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá kúrò ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni àwa tó kù sì ti dín gan-an. Ọ̀rọ̀ tí òbí bá lò kò gbọdọ̀ ṣi ọmọ lọ́nà.

Àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, ìṣẹ́kù: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀. "Nọ́ńbà" náà ti di tiwa.

Láti rí orúkọ tó dára ju "nọ́ńbà àkọ́kọ́" lọ, ẹ mú ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ogójì owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Bí a bá tú 40, 50 àti 10 palẹ̀, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin la ó bá nídìí wọn, kò sí òmíràn. Nọ́ńbà 30 ló sì lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù.

Kí ni ká pe 30 wọ̀nyí? Àwọn kan ní olùpín. Létí mi, ènìyàn ni olù- ń tọ́ka sí: olùkọ́, olùṣọ́, olùdarí. Apín ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ wo asẹ́: sẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, a- wá sọ ọ́ di ohun tí a fi ń sẹ́ ògì. Láti ara apín ni alápín ti ń wá, aláìlápín sì tẹ̀lé e, bí alágbára àti aláìlágbára. Aláìlápín ni 2, 3, 5, 7. Ẹnìkan lè ní 7 ṣáà ní apín méjì, 1 àti ara rẹ̀. Ohun tí gbogbo nọ́ńbà ní kọ́ la fi ń pe ọ̀kan nínú wọn ní alápín. Ní ti 1, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú ìtumọ̀.

Fún 1,000,000, mi ò fẹ́ mílíọ̀nù bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ bá wà nílẹ̀. Orúkọ yẹn ti sọ fún ọmọ pé 50 lọ́nà 20,000 ni, ó sì lè fi ibẹ̀ rí i pé 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, pé apín rẹ̀ jẹ́ 49. Aláìlápín tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e ni 1,000,003.

Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa "nọ́ńbà àkọ́kọ́" rẹ́.