Okun O! Ilẹ̀ Kan, Ìwádìí Oríṣìíríṣìí

Bí ẹ bá dé Kàbbà, "Okun o" ni àwọn onílé yóò fi kí yín. Wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì tún fi ń bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn. Ìkíni yìí ló di orúkọ àpapọ̀ fún àwọn Owé tó ni Kàbbà, àti àwọn Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Olùwádìí kan ló dábàá orúkọ náà. Eva Krapf-Askari, onímọ̀ nípa àwùjọ àti àṣà ẹ̀dá, wá ṣèwádìí ní agbègbè náà ní 1965, ó sì dábàá pé kí á máa fi ìkíni tí gbogbo wọn jọ ń lò pè wọ́n. Àwọn èèyàn náà gbà á, ó sì mọ́ wọn lára.

Ìyẹn ló mú kí á béèrè láàrin ara wa pé: àwọn wo ló tún ti wá wádìí ilẹ̀ yìí? Ẹnì kan wá nítorí èdè, ẹlòmíràn nítorí aṣọ, ẹlòmíràn nítorí egungun inú ihò àpáta, àwọn kan nítorí àgbàdo. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ, wọ́n bá wa dáhùn ìbéèrè tí ìmọ̀ kan ṣoṣo kò lè dá dáhùn: ṣé etí ilẹ̀ Yorùbá lásán ni Okun, àbí ìpìlẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Sàró

Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó pẹ́ jù lórí èdè Okun wáyé níbi tó jìnnà sí Kàbbà gan-an. Ogun Núpé àti ogun ẹrú mìíràn kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí lọ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ni wọ́n kó lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, ti jókòó tì wọ́n, tó ń bi wọ́n ní orúkọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854 pẹ̀lú èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ Yàgbà wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, ti Ìjùmú wà lọ́tọ̀, ti Ọ̀wọ́rọ̀ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó. Aku ni ó pe gbogbo wọn, orúkọ tí àwọn ará Freetown fún wa nítorí "ẹ kú" tí a fi ń kíni. Èdè ni Koelle ń wá, ṣùgbọ́n ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tún jẹ́rìí sí ibi tí wọ́n ti jí èèyàn kó.

Ìtàn, èdè àti ihò àpáta

Ní 1976, Ade Obayemi, òpìtàn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Okun, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí Yorùbá, Ẹ̀dó àti àwọn aládùúgbò wọn ṣáájú 1600. Ó wo àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Okun, tí kò sí ọba ńlá kan tó jẹ lé gbogbo wọn lórí, ó sì ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ṣáájú àwọn ìjọba ńláńlá tí a mọ̀. Ó túmọ̀ sí pé a kò gbọdọ̀ ka Okun sí èérún tó já bọ́ lára Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀.

Ní 1978, Akinkugbe parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó fi Yorùbá wé Ìṣẹ̀kírì àti Ìgalà, ó sì fi hàn pé ẹ̀ka kan gbòógì ni àwọn ẹ̀ka-èdè ìlà-oòrùn àríwá, níbi tí Okun wà.

Lẹ́yìn náà ni Philip Oyelaran, awalẹ̀pìtàn, gbẹ́ ilẹ̀ ihò àpáta Itaakpa nítòsí Ìffẹ̀-Ìjùmú. Ó rí ìkòkò, irinṣẹ́ olókùúta, ekùrọ́ àti egungun àgbọ̀n èèyàn. Ọjọ́ orí wọn lé ní ẹgbàá ọdún.

Ọ̀pọ̀ ìlú Okun ló ń pìtàn pé Ifẹ̀ ni àwọn ti wá, a kò sì bá wọn jà. Ẹni tó ti Ifẹ̀ dé lè bá onílẹ̀ nílé.

Aṣọ àti oko

Elisha Renne ní tirẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Bùnú nítorí aṣọ tí àwọn obìnrin ń fi òfì olóòró hun. Ìwé rẹ̀, Cloth That Does Not Die, jáde ní 1995. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin èèyàn ńlá, wà níbẹ̀. Òwú pupa rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára aṣọ tó ti òkèèrè wá. Ẹni tó bá ka aṣọ yìí dáadáa yóò rí ọrọ̀ ajé, oyè àti ìsìnkú nínú rẹ̀.

Ní Kàbbà fúnra rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà láti 1964. Ilẹ̀ oko, ajílẹ̀, àgbàdo àti tòmátì ni wọ́n ń wádìí. Ó lè dà bí ẹni pé èyí kò kan ìtàn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ilẹ̀ àti ọ̀pẹ ló lè bá awalẹ̀pìtàn ṣàlàyé ekùrọ́ inú Itaakpa.

Kí ló kàn wá?

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni pẹpẹ ìwé tí gbogbo iṣẹ́ yìí wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù. Ìyá tó hun aṣọ ní Bùnú lè máà rí ìwé tí wọ́n kọ nípa aṣọ rẹ̀ láé. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá wa: kí á yan ẹ̀ka-èdè Okun, kí á ka iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn àti ti onímọ̀ àgbẹ̀ mọ́ ọn, kí á fi Yorùbá kọ ọ́, kí á sì mú ẹ̀dà kan padà fún ìlú tó fún wa ní ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Okun tó ń ka èyí, báwo ni àwọn àgbà ìlú yín ṣe ń pìtàn bí ẹ ṣe dé ibi tí ẹ wà? Ẹ kọ ọ́ sí wa. Okun o!