Odídẹrẹ́ Tí Ó Ń Darúgbó Nínú Ilé

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí odídẹrẹ́ bá wà ní ilé yín, ta ni ó mọ ọdún tí ó dé ibẹ̀? Bí ẹ bá bi àwọn ará ilé, wọ́n lè sọ pé: “Ìgbà ayé bàbá wa ni.” Bàbá ti lọ, ẹyẹ ṣì wà.

Adìyẹ kì í rí ọjọ́ ogbó lọ́dọ̀ wa. Kí ó tó darúgbó, àlejò ti dé, ọdún ti dé, ó ti wọ ìkòkò. Nítorí náà ojú wa mọ àrùn adìyẹ, ṣùgbọ́n ojú wa kò mọ ogbó ẹyẹ. Odídẹrẹ́ yàtọ̀. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo 40 ọdún nínú ilé, òmíràn a sì lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bí bá a nílé lè di ẹni tí ó ní ọmọ tirẹ̀, kí ẹyẹ náà tó kú.

Kí ni àwọn baba wa fẹ́ràn lára rẹ̀? Ó ń fọhùn bí ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ayékòótọ́. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ sì pupa. Ìyẹ́ náà ni ìkóódẹ, tí ẹ ń rí lára adé ọba àti ní orí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún. Ẹ wo ohun kan níbí. Odídẹrẹ́ máa ń yọ ìyẹ́ àtijọ́, tuntun a sì hù. Ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le, yóò máa ṣa ìkóódẹ nílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí ó pa á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò rí i ṣà.

Àwọn òyìnbó náà fẹ́ràn ẹyẹ yìí. Láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, tí ọkọ̀ àwọn Potogí ti ń wá sí etí òkun Áfíríkà, ni wọ́n ti ń kó o lọ sí Yúróòpù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin ọlọ́lá kan wà tí ń jẹ́ Frances Stuart, ìyàwó ìjòyè Richmond. Ó ní odídẹrẹ́ kan, irú èyí tí ẹ mọ̀ gan-an. Wọ́n ní ẹyẹ náà bá a gbé fún nǹkan bí 40 ọdún. Obìnrin náà kú ní ọdún 1702. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, odídẹrẹ́ rẹ̀ náà kú. Wọ́n tọ́jú awọ rẹ̀ kí ó má baà jẹrà, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ère obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Westminster. Àwọn tí ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì ní i lọ́wọ́ títí di òní.

Àwọn ènìyàn sọ pé ìbànújẹ́ ni ó pa ẹyẹ náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi máa ń rò ó báyìí: ẹyẹ arúgbó ni, ẹni tí ó mọ ìwà rẹ̀ ti kú, ilé kún fún ètò ìsìnkú. Ta ni ó ráyè wo ẹnu ẹyẹ? Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ti ń rí nígbà ìsìnkú àgbà. Ẹni gbogbo ń se oúnjẹ, ẹni gbogbo ń tẹ́ní fún àlejò, omi gbẹ nínú àgò ẹyẹ, kò sí ẹni tí ó mọ̀.

Odídẹrẹ́ kì í sì í ké pé ara ń ro òun. Nínú igbó, ẹyẹ tí ó bá fi àìsàn rẹ̀ hàn, àṣá yóò rí i. Nítorí èyí ni ẹyẹ fi máa ń fi àrùn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí ó wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, tí ó di ojú, tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, ó ti pẹ́ tí àrùn ti wà lára rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti odídẹrẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Alex ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin onímọ̀ kan, Irene Pepperberg, rà á ní ọdún 1977, ó sì kọ́ ọ fún 30 ọdún. Ẹyẹ náà mọ àwọ̀, ó mọ iye nǹkan, ó mọ ju 100 ọ̀rọ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, wọ́n dágbére fún un ní alẹ́, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọmọ ọdún 31 ni. Àwọn dókítà ẹran wò ó, wọ́n ní ikú òjijì ni, tí ó tan mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ó ti le. Àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí wọ́pọ̀ lára odídẹrẹ́ tí ó ti dàgbà. Bí àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò bá rí ikú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni kí àwa ṣe?

Ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Ìyẹ́ ń bo rírù mọ́lẹ̀. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò kan egungun àárín àyà rẹ̀. Bí ẹran bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó dára. Bí egungun náà bá mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ẹyẹ náà ti rù. Ẹni tí ó bá lè rí òṣùwọ̀n kékeré lò, kí ó wọn ẹyẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó tó jẹun. Odídẹrẹ́ tí ó ti dàgbà máa ń wúwo tó 400 sí 500 gíráàmù. Ẹyẹ tí ó jẹ́ 450, tí ó wá di 405, ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ tẹ́ ìwé sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ìgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. (Kí ẹ má ṣe tẹ́ èyí tí ẹ ń kà yìí o, kí ẹ kọ́kọ́ kà á tán.) Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹ rí: èyí tí ó dúdú bí ewé, èyí tí ó funfun bí ẹfun, àti omi díẹ̀. Bí èyí tí ó yẹ kí ó funfun bá di pípọ́n bí ọsàn, tàbí tí gbogbo rẹ̀ di omi, ẹ fura. Ẹ wo ìrù rẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí ó bá dákẹ́. Bí ìrù bá ń lọ sókè sódò bí ó ti ń mí, ó ń tiraka láti mí ni.

Ìgbẹ́ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín 1929 àti 1930, àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn kú. Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ara àwọn ẹyẹ bí odídẹrẹ́ tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1930, Ààrẹ Hoover fi òfin dí ọ̀nà wọn mọ́ Amẹ́ríkà. Ìgbẹ́ gbígbẹ tí ó di eruku ni àwọn ènìyàn ń mí sínú. Oògùn ti wà fún un báyìí. Síbẹ̀, ẹ wọ́n omi sí abẹ́ àgò kí ẹ tó gbá a, ẹ má sì gbé ẹyẹ sí yàrá tí ọmọdé ń sùn.

Ilé ìdáná náà kò dára fún un. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1911 títí di bíi 1986, àwọn awakùsà èédú máa ń gbé ẹyẹ kékeré wọ inú ihò, nítorí pé afẹ́fẹ́ burúkú ń mú ẹyẹ kí ó tó mú ènìyàn. Èéfín tí ó ń mú yín wúkọ́ díẹ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró odídẹrẹ́ jẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹyìn wà lẹ́yìnkùlé yín, òun gan-an ni odídẹrẹ́ ń jẹ nínú igbó. Ó sàn fún un ju àgbàdo nìkan lọ. Ẹ fi èso àti ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ má fún un ní píà, májèlé ni fún un. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dì mú dáadáa mọ́, ẹ gbé igi rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ wé e. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo àgò lóru.

Ẹnìkan lè ní: “Bí ó bá kú, a ó ra òmíràn.” Láti 1975 sí 2013, odídẹrẹ́ igbó tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n kó kúrò ní Áfíríkà lé ní 1.300.000. Ní Ghana, láti 1992, nínú 100 tí ó wà tẹ́lẹ̀, bóyá ni ó fi ku 10. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fi ṣe ìpinnu lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé ní Johannesburg ní 2016. Láti oṣù kìíní ọdún 2017, òwò odídẹrẹ́ igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀.

Ẹ wá mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, èyí tí ẹ fi kọ́ A B D. Ẹ kọ ọjọ́ sí apá òsì, ẹ kọ ìwọ̀n ẹyẹ sí apá ọ̀tún. Bí ó bá jẹun, ẹ kọ “jẹ”. Bí kò bá jẹ, ẹ kọ “kò jẹ”. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e tọ dókítà ẹran lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ kà á fún un.