Ọkọ̀ Ojú Irin Lálúpọn àti Ìtàn Ká-ní

Àríyànjiyàn ló bí àròkọ yìí. Àwa mẹ́rin la lọ lo ìsinmi ní Ìyànà Ọ̀fà, ní ilé bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa. Kò sí iná fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, fóònù gbogbo wa kú, ìwé nìkan ló kù. (Kí ẹnikẹ́ni má tún bi wá léèrè: kì í ṣe Ọ̀fà ti Kwara. Ìyànà Ọ̀fà tí à ń wí yìí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ẹ̀yìn Ìbàdàn níhìn-ín. Àmọ́ Ọ̀fà ti Kwara náà á wọ inú ìtàn yìí kó tó tán, nítorí ojú irin kan náà ló kọjá lára àwọn méjèèjì.)

Ìwé tí à ń gbà lọ́wọ́ ara wa kà ni ti P. Djèlí Clark. Orúkọ tó fi ń kọ̀wé nìyẹn. Dexter Gabriel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Trinidad, onímọ̀ ìtàn sì ni. Ìwé rẹ̀ nípa Cairo tò tẹ̀lé ara wọn: A Dead Djinn in Cairo jáde ní 2016, The Haunting of Tram Car 015 ní 2019, A Master of Djinn ní 2021. Steampunk ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé á padà sí ayé ìgbà tí ooru omi ń ti ẹ̀rọ, ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń tú èéfín lójú ọ̀run, á wá bi ara rẹ̀ léèrè pé, ká ní nǹkan kan ti yí padà nígbà yẹn ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí àwa fi sọ ọ́ ní ìtàn ká-ní.

Ní Cairo tirẹ̀, ọdún 1912 ni. Ó ti tó ogójì ọdún tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ al-Jahiz ti ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ láàrin ayé wa àti ayé àwọn àlùjànnú. Àwọn àlùjànnú wọlé wá, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń rọ ẹ̀rọ, Íjíbítì di alágbára, ó sì lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Fatma, obìnrin tó ń wọ kóòtù bíi ti ọkùnrin, ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ idán àti ẹ̀dá abàmì. Nínú ìwé kejì, iwin wọ inú ọkọ̀ èrò kan, ó ń dààmú àwọn èrò inú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ló sì ń wá bí wọn yóò ṣe lé e jáde. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ tún ń jà pé owó tí wọn yóò ná sórí iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, a rẹ́rìn-ín títí. Iléeṣẹ́ ìjọba ni iléeṣẹ́ ìjọba ń jẹ́, ibi yòówù kí àlùjànnú wà.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wa pa ìwé dé. Ó ní òun gbádùn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní, "Àwa ò ní ẹ̀rọ kankan. Òyìnbó ló gbé gbogbo rẹ̀ wá. Ká-ní wo ni àwa fẹ́ sọ?" Àwa yòókù bínú, ẹnu wa ò sì gba ìdáhùn kan gúnmọ́. Bàbá tó ni ilé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣú, etí rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ó bi wá pé, "Ẹ ti dé Lálúpọn rí?"

Lálúpọn ò jìnnà. Ọ̀kadà ló gbé wa débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ewúrẹ́ la bá lójú irin, wọ́n ń jẹ koríko láàrin àwọn pákó. A wọn fífẹ̀ ojú irin náà pẹ̀lú okùn bàtà, ó lé díẹ̀ ní mítà kan. Mílímítà 1067 ni iye tó wà nínú ìwé, okùn bàtà wa ò sì parọ́ jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọkọ̀ tuntun láti Moniya lọ sí Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹ ó rí i pé tiyín fẹ̀ ju èyí lọ. Ti àtijọ́ ni à ń sọ.

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Ìddó ní Èkó. Ní 1899 ó dé Abẹ́òkúta. Oṣù Kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀yìn ìlú lọ, ó gba Lálúpọn, ó gba Ìwó, ó gba Ẹdẹ, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ó gba Ọ̀fà, ó gba Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909, níbi tí odò Ọya ti dí i lọ́nà. Ọdún 1916 ni afárá tó gbé e sọdá odò náà parí. Ẹ fi Ọya yìí sọ́kàn.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Wọ́n á ko èédú tàbí igi sínú iná, omi inú ìkòkò irin ńlá á hó, ooru rẹ̀ á wá ibi tí yóò gbà jáde, á máa ti ọ̀pá irin síwá sẹ́yìn, ọ̀pá náà á sì máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ti rí ìdérí ìkòkò ọ̀fọ̀kì tí ń fò sókè lórí iná ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kòkó àti èkùrọ́ láti abúlé àwọn baba wa ló ń kó lọ sí èbúté, aṣọ, iyọ̀ àti epo fìtílà ló sì ń kó bọ̀. Kò wá nítorí wa, a gbà. Àwọn tó là á, tó ru pákó, tó fi òòlù kan ìṣó, tó ń ko èédú, ọmọ ilẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, pẹ̀lú Michael Imoudu aṣáájú wọn, wà lára àwọn tó da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oṣù. Ọkọ̀ náà ti ń gbọ́ èdè wa nígbà yẹn.

Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ wa ò tíì gbà. Ó ní òyìnbó ló ni irin náà.

Ibi tí a ti rí i mú nìyẹn. Ṣé Yorùbá tó ń bọ Ògún ni yóò máa dúró de ẹni tí yóò mú irin wá? Ọkọ́, àdá, ọfà, gbogbo wọn ń jáde láti inú ìléru àti ilé àgbẹ̀dẹ ọjọ́ pípẹ́ kí ọkọ̀ kankan tó dé èbúté. Ní 1904, nígbà tí ojú irin ti dé Ìbàdàn ṣùgbọ́n tí kò tíì dé Òṣogbo, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ̀wé nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń yọ irin láti inú òkúta nínú ìléru amọ̀. Ìyẹn ni pé ní àkókò kan náà, irin ìlú òyìnbó ń bọ̀ láti gúúsù, irin tiwa sì ń jáde nínú iná ní òkè. Irin tiwa ò kú nítorí pé àwọn alágbẹ̀dẹ ò mọṣẹ́. Ti òkè òkun ló pọ̀ lọ́jà, tó sì wọ́n kéré sí tiwọn, títí ìléru fi tutù. Ká ní kò tutù ńkọ́? Ká-ní kan nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Èkejì wá láti inú ìwé míràn tí Clark fúnra rẹ̀ kọ ní 2018, The Black God's Drums. Òun ni a kà tẹ̀lé ti Cairo. New Orleans ní 1884 ló ti ṣẹlẹ̀. Haiti ti ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun Napoleon pẹ̀lú ohun ìjà abàmì kan tí wọ́n fi orúkọ Ṣàǹgó pè, àwọn tó ń kó ẹrú ní Amẹ́ríkà sì fẹ́ rí ohun ìjà náà rà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan, Creeper, ló gbọ́ àṣírí wọn. Ọya ló wà lórí ọmọ náà, tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń fi ìjì hàn án. Ọ̀ṣun ló sì wà lórí obìnrin tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú tí ọmọ náà ń wá ọ̀nà àtibá lọ.

Ẹ wo ọdún náà dáadáa: 1884. Kí ni àwọn ará Ìbàdàn ń ṣe ní 1884? Wọ́n wà lójú ogun Kírìjì. Láti 1877 ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú ìjà kọ ara wọn, ọdún 1893 ni wọ́n tó tú bùdó ká. Ìró ìbọn ni orúkọ ogun náà ti wá. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, tó ń yìn léraléra. Ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ìgbà tí wọ́n bá fi ki ṣakabùlà ẹyọ kan, ti ọ̀hún ti dún tó ìgbà mélòó kan. Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí bùdó ogun náà ní 1885, kò padà wálé. Ẹ̀rọ ló yí ogun yẹn padà. Àwọn Yorùbá ló ń wá ẹ̀rọ, tí wọ́n ń rà á, tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lójú ogun. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọ Ìbàdàn méjì ló wà nínú wa, ó dùn wọ́n láti kọ gbólóhùn yìí.

Torí náà, nígbà tí Clark ń fi orúkọ Ṣàǹgó pe ohun ìjà ní 1884, kò jìnnà sí ohun tí etí àwọn baba wa gbọ́ lọ́dún náà gan-an.

A tún rántí Amos Tutùọlá. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ló kọ The Palm-Wine Drinkard tó jáde ní 1952. Ohun tí àwọn olùkọ́ kì í dúró lé lórí ni pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́, iṣẹ́ náà ló sì ṣe fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà ogun Hitler. Nínú ìwé rẹ̀ kejì, My Life in the Bush of Ghosts, tó jáde ní 1954, iwin obìnrin kan wà tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọ tó sọnù sínú igbó wo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì rí ìyá rẹ̀ nílé. Ní 1954! Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Alágbẹ̀dẹ wa ti gbé tẹlifíṣọ̀n wọ igbó iwin ní ọdún márùn-ún ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fi í hàn ní Ìbàdàn. Bí èyí kì í bá ṣe ìbátan steampunk, kí orúkọ rẹ̀ wá jẹ́ kí ni?

Ìròyìn Lálúpọn la padà wá jẹ́ fún Bàbá. Òun náà wá sọ tirẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 1955. Kò pẹ́ tó fi di ẹni tó ń kàwé fún odindi abúlé. Bí àwọn àgbà bá ti oko dé, tí wọ́n jẹun tán, wọ́n á gbé fìtílà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun á ka Fágúnwà fún wọn: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938, Igbó Olódùmarè ti 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti 1954. Bí Àdììtú Olódùmarè ṣe jáde ní 1961 ni wọ́n dáwó rà á. Ó ní bí òun bá dúró ní ibi tó dùn, àwọn àgbà á fi ẹran bẹ òun kí òun má tíì sùn. Ẹsẹ̀ ni Àkàrà-ògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rìn lọ sí Òkè Láńgbòdó, àwọn tó ń gbọ́ ìtàn wọn sì ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti ọ̀nà Lálúpọn bí òun ṣe ń kà á. Bàbá ní ìgbà kan wà tí ọkùnrin kan bi òun léèrè, tó sì gbà á gbọ́, pé kí ló dé tí wọn ò wọkọ̀.

Bàbá wá ní kí a ka ìwé tiwa sókè. Ìtìjú mú wa. Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì tí èdè Trinidad tún pọ̀ nínú rẹ̀, a sì ní láti máa yí i sí Yorùbá bí a ṣe ń lọ. Kí ni a fẹ́ pe ọkọ̀ òfuurufú tí gáàsì gbé sókè? Bàbá ní kí a pè é ní ọkọ̀ tó ń léfòó, kí a yéé jẹ òun lákòókò. A ṣe ojú ewé mẹ́wàá ní wákàtí méjì. Ẹni tó ní àwa ò ní ká-ní kankan, òun gan-an ló wá mọ̀ ọ́n túmọ̀ jù.

Nígbà tí a dé ibi tí Ọya ti ń fi ìjì han ọmọ náà, Bàbá dá wa dúró.

"Ọya wo? Èyí tí rélùwéè sọdá ní Jẹ́bà?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, òun náà ni.

"Ó ti wá rìn jìnnà o. Ta ló mú un dé ọ̀hún?"

A sọ fún un nípa ọkọ̀ ẹrú àti àwọn tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí a fa fìtílà súnmọ́ ara wa, kí a padà síbi tí a dé, àti pé ṣé ọmọbìnrin náà yóò rí ọkọ̀ yẹn wọ̀ àbí kò ní rí i wọ̀.