Iná Iwájú Ọkọ̀: Láti Orí Kábáàdì Dé Orí LED

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lójú títì Ìkòtún sí Ìgàndó, oríṣi iná méjì ló máa ń pàdé wa lọ́nà. Ọ̀kan pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà. Èkejì funfun báláú, ó ń gún ojú bí abẹ́rẹ́. Èkejì yẹn ni LED, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi rọ́pò gílóòbù tó bá ọkọ̀ wá. Ẹni tó fi sọ́kọ̀ á ní, "Mo ti wá ń ríran dáadáa báyìí!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ níwájú ẹ̀ ńkọ́? Fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kò rí kòtò, kò rí ọlọ́kadà, kò rí ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́ tó fẹ́ sọdá. Ní Àlímọ̀ṣọ́, níbi tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka èèyàn tó lé ní 1,200,000, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ìjà yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tú ìtàn iná ọkọ̀ wò, nǹkan kan náà la máa ń bá pàdé: bí iná bá ti lágbára sí i, aráyé ní láti wá ọgbọ́n kejì, ìyẹn ọgbọ́n tó máa mú kí iná náà tẹrí ba fún ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ò ní iná ẹlẹ́ńtíríìkì. Kábáàdì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Òkúta kan ni. Bí omi bá ti kán sí i, gáàsì á máa jáde, gáàsì ọ̀hún ló sì ń jó. Ọdún 1892 ni Thomas Willson, ọmọ Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàdédé rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ páńẹ́bítà rí mọ òórùn ẹ̀, torí òun náà ni wọ́n fi ń jó irin pọ̀. Àwọn ọdẹ wa tún mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Èkó tó gbòòrò dé Ìkòtún àti Ìgàndó, tó jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, oko àti igbó ló yí wọn ká. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, iná kábáàdì ni ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí lóru. Ọdẹ sì mọ ohun kan táwa onímọ́tò máa ń gbàgbé: bí iná bá bọ́ sí ẹran lójú, ẹran náà á dúró sójú kan, á máa wo iná, kò ní mọ ibi tó máa gbà. Iná tí wọ́n fi ń dẹ ẹran, kò yẹ ká máa fi dẹ ọmọ èèyàn lójú títì.

Lọ́dún 1912, Cadillac ní Amẹ́ríkà kó iná ẹlẹ́ńtíríìkì àti sítátà pọ̀ sínú ọkọ̀ kan náà. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ti ń wọ Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ Èkó tó kọ́kọ́ ń tà á, tó sì ń tún un ṣe. Bí iná ẹlẹ́ńtíríìkì ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ ojú ẹlòmíì sí i. Láàárín ọdún 1920 sí 1929, Osram ti Jámánì gbé gílóòbù Bilux jáde: wáyà tín-ín-rín méjì nínú gílóòbù kan, ọ̀kan fún fúùlù, èkejì fún dípù. Ọgbọ́n kejì dé nìyẹn.

Gílóòbù halogen tẹ̀lé e ní Yúróòpù lọ́dún 1962. Èyí tí wọ́n ń pè ní H4, tó jáde ní 1971, ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ títí dòní. Bẹ́ ẹ bá mú un dání, ẹ máa rí irin kan tó dà bí ṣíbí kékeré lábẹ́ wáyà dípù. Ṣíbí yẹn ló ń dí iná tí ì bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ abọ́ dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù, tí abọ́ náà ì bá sì ta sókè sójú ẹni tó ń bọ̀. Wáyà, ṣíbí àti abọ́: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ mọwọ́ ara wọn.

Iná tún mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ iná dípù ni wọ́n ṣe kó máa tàn jìnnà ní ẹ̀gbẹ́ títì tiwa, kó sì máa wolẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tí wọ́n ṣe fún apá òsì, tó bá dé apá ọ̀tún, ojú ẹlòmíì ló máa lọ. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíì.

Lọ́dún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, tó bá Àlímọ̀ṣọ́ pààlà. Gíláàsì ló bo iná iwájú Ìjàpá wọn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, tòkunbọ̀ gba ìgboro, ike ló sì wá bo iná ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oòrùn máa ń ba ike jẹ́: á pọ́n, á ṣókùnkùn, iná ò ní ríbi gbà jáde dáadáa mọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ á rò pé gílóòbù ló ti rẹ̀. Á gba ọjà Ládípọ̀ lọ, tàbí kó ní kí rìwáyà àdúgbò bá òun wá LED.

LED kì í ṣe ọ̀tá wa o. Nick Holonyak ṣe èyí tó pupa ní 1962. Èyí tó jẹ́ búlúù ló ṣòro títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, láti ara búlúù yẹn sì ni iná funfun ti jáde. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2014. Ní 2007, Lexus LS 600h fi LED ṣe dípù. Ṣùgbọ́n Lexus ò kàn yọ gílóòbù kó ki LED bọ̀ ọ́. Odindi iná ni wọ́n ṣe fún un. Èyí tí à ń rà lọ́jà ń wọnú abọ́ tí wọ́n ṣe fún wáyà tó ń tàn yí ká. Ojú méjì péré ni LED fi ń tàn, lọ́tùn-ún àti lósì. Tó bá fi díẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kí wáyà wà, abọ́ ò ní mọ ibi tó máa darí iná sí. Ìdí ẹ̀ tún máa ń gbóná, ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ní fáànù. Bí fáànù ò bá jẹ́ kí ọmọrí ẹ̀yìn iná dé mọ́, omi òjò á wọlé.

Lọ́dún 2020, Jámánì fàyè gba gílóòbù LED kan láti ọ̀dọ̀ Osram, ṣùgbọ́n kìkì fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú wọn. Wọn ò kàn bèèrè pé, "Ṣé gílóòbù yìí mọ́lẹ̀?" Wọ́n bèèrè pé, "Ṣé ó bá abọ́ yìí mu?" Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi rìwáyà wa nìyẹn.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ike ojú iná, kí wọ́n sì yẹ wáyà àti áàtì wò. Halogen tuntun lẹ́yìn ike tó mọ́ lè tó yín. Bó bá jẹ́ LED lẹ fẹ́ dandan, ẹ dojú ọkọ̀ kọ ògiri lóru, kẹ́ ẹ tan dípù. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà tó gé iná, tí òkè ẹ̀ ṣókùnkùn, ó dáa. Bó bá tàn káàkiri ògiri, ẹ yọ ọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní títì Àlímọ̀ṣọ́ lóru, ojú ẹni tó ń bọ̀ wà lára ohun tó ń ṣọ́ orí tiwa.