Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè? Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ láti Yábàá dé Abùjá

Ọdún 1906 ni ìjọba amúnisìn ní Gúúsù Nàìjíríà ṣe òfin lórí àwọn tí orí wọn dàrú. Ọ́fíìsì gómìnà ni òfin náà ti wá. Kì í ṣe ará ìlú ló jókòó gbé e kalẹ̀. Nígbà tó di 1907, wọ́n ṣí ilé kan ní Yábàá, l'Ékòó. Ilé ìtọ́jú ni wọ́n pè é, àmọ́ àhámọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí dókítà tó kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ tó dé ibẹ̀. Kì í ṣe bóyá aláìsàn yóò gbádùn ló jẹ ìjọba lógún, bí kò ṣe pé kí ìgboro ṣáà tòrò.

Àwọn ẹbí ò dúró de ìjọba. Ọ̀dọ̀ adáhunṣe ni wọ́n ń gbé èèyàn wọn lọ. Àwọn àgbà wọ̀nyí mọ asofẹ́yẹjẹ, igi tó ń mú ara wèrè rọlẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Èròjà reserpine wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, òun sì ni ilé ìwòsàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá ń lò fún àrùn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, àwọn àgbà kan náà ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀.

Ní 1936, dókítà kan láti Bìrìtìkó, Cunyngham Brown, wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò káàkiri Nàìjíríà. Nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 1938, ó ní kí wọ́n má kó aláìsàn jọ pelemọ sí ilé àhámọ́, kí wọ́n fi wọ́n sọ́dọ̀ ìdílé, bí wọ́n ti ń ṣe é láti ayébáyé ní ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ìjọba gbọ́, kò ṣe é. Ogun Àgbáyé Kejì dé. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà wa ń padà bọ̀ láti ojú ogun, tí orí àwọn mìíràn nínú wọn ti dàrú, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láńtòrò, l'Ábẹ́òkúta, ni wọ́n sọ di ibùdó wọn ní 1944.

Thomas Adéoyè Lámbò ló yí ọ̀nà padà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọdún 1923 ni wọ́n bí i, Birmingham ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tó gba àkóso ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò, l'Ábẹ́òkúta, sọ́wọ́ ní 1954, wọ́n ṣì ń kọ́ ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́, ibùsùn ò tíì tó. Dókítà mìíràn ìbá jókòó títí tí wọ́n á fi kọ́lé tán. Lámbò gba abúlé lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ó sì lọ bá àwọn àgbà abúlé ìtòsí sọ̀rọ̀: ṣé wọ́n lè yá aláìsàn ní yàrá, òun àti ẹbí rẹ̀ kan tí yóò máa dáná fún un? Àwọn àgbẹ̀ gbà. Owó ilé wọlé fún wọn, ilé ìwòsàn sì bá wọn mójú tó ilé ìyàgbẹ́ àti ẹ̀fọn. Láàárọ̀, aláìsàn àti ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rìn lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn. Tó bá di ọ̀sán wọ́n á padà sí abúlé, sí oko, sí ibi ayẹyẹ, sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Lámbò tún mú àwọn adáhunṣe mọ́ra, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní 1961, àpérò àkọ́kọ́ àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọ̀rọ̀ ṣáájú ibùsùn. Síbẹ̀ àlàfo kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fojú fò: onílé ni wọ́n bi, àgbà abúlé ni wọ́n bi. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Lámbò lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1971, ètò abúlé sì ń rọ díẹ̀díẹ̀. Ní àpérò ìlera ní Alma-Ata ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ará ìlú ni láti lọ́wọ́ sí ètò ìlera tirẹ̀. Ètò ìjọba àpapọ̀ ti 1991 ní kí ìtọ́jú ọpọlọ wọ ilé ìlera alábọ́dé. Inú ìwé ló pọ̀ sí. Gbogbo àsìkò yẹn, òfin àrùn ọpọlọ ti 1958, tó jogún èdè amúnisìn, ṣì wà lórí wa. Wọ́n gbé àbádòfin tuntun wá ní 2003, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2009, wọ́n tún gbé e padà ní 2013, kò yọrí. Ní 2019, Human Rights Watch ròyìn pé àwọn bá aláìsàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé kéwú àti ní ọ̀dọ̀ adáhunṣe.

Oṣù kejì ọdún 2020 ni àyípadà dé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùjá pe ìpàdé ìtagbangba lórí àbádòfin tí Sẹ́nétọ̀ Ibrahim Oloriegbe, ọmọ Ìlọrin, gbé síwájú wọn. Hauwa Ojeifo, obìnrin tó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ní àrùn ọpọlọ, dìde sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló ń bá aṣòfin sọ̀rọ̀! Ọdún kan náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gùréjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde láti agbègbè Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana: níbi tí nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́dé àti adáhunṣe tàbí wòlíì ti jọ tọ́jú aláìsàn, ara wọn yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu òfin tuntun náà. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn ò tíì dé ọ̀pọ̀ ìletò wa. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlera alábọ́dé tẹ́lẹ̀; ìyálọ́jà wà níbẹ̀, ìmáàmù, pásítọ̀ àti aṣojú baálẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti ṣàìsàn ọpọlọ rí, àti àwọn ìyá tó ń tọ́jú wọn, bá wọn jókòó níbẹ̀ kí wọ́n tó pín owó oògùn ọdún tó ń bọ̀.