Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé àti Ìtàn Jẹjẹrẹ Ọmú Láàrin Àwọn Obìnrin Wa

Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ ohun kan dájú: ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin wa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nínú ìwé àwọn oníṣègùn àgbáyé. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó kọ ọ́ sí fáìlì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé.

Ọdún 1957 ni wọ́n bí i, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà. Ó kàwé ní St. Anne's School, Ìbàdàn, ó sì gboyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980. Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní UCH láti 1960. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní Cook County Hospital ní Chicago, kó tó lọ kọ́ nípa jẹjẹrẹ ní Yunifásítì Chicago lọ́dọ̀ Janet Rowley. Rowley ni obìnrin tó fi hàn ní 1973 pé nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, kúrómósómù, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín tó ń gbé ohun àjogúnbá nínú ara, máa ń já, á sì lẹ̀ mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́pàdé fi bẹ̀rẹ̀: àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ ìṣáájú dá lórí apá kan kúrómósómù kẹsàn-án tó máa ń sọnù nínú àwọn jẹjẹrẹ kan.

Ní 1994 àti 1995, àwọn onímọ̀ rí jíìnì méjì tí wọ́n ń pè ní BRCA1 àti BRCA2. Ẹni tó bá jogún èyí tó ti bàjẹ́ nínú wọn, ewu jẹjẹrẹ ọmú sún mọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ìdílé òyìnbó ni wọ́n yẹ̀ wò jù. Ọlọ́pàdé béèrè pé: kí ló dé tí àrùn yìí fi ń mú àwọn obìnrin dúdú ní kékeré, tó sì ń tètè pa wọ́n? Kò jókòó sí Chicago nìkan wá ìdáhùn. Òun àti àwọn oníṣègùn UCH da ọwọ́ pọ̀, láti 1998 sì ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtàn ìdílé àwọn obìnrin ní Ìbàdàn.

Ní 2005, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur, $500,000. Ní 2009, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of Clinical Oncology lórí obìnrin 507 ní Nàìjíríà àti Senegal. Ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 45 lọ tí a bá pín in dọ́gba. Ìdá 24 péré nínú 100 ni àrùn wọn jẹ́ irú èyí tí oògùn tó ń dènà họ́móònù ẹstrogen lè ràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn ló ń gba ọ̀pọ̀ obìnrin là ní ilẹ̀ òyìnbó. Ní 2018, òun àti Mary-Claire King pẹ̀lú àwọn ará Ìbàdàn tún kọ̀wé nípa obìnrin 1,136 tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Nínú obìnrin 8, nǹkan bí 1 ló jogún jíìnì tó bàjẹ́. Ní 2021, wọ́n yàn án sínú National Academy of Sciences ti Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé àwọn obìnrin tó gbà kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ló sọ iṣẹ́ yìí di ohun gidi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí síbí. Wọn kò mọ ìyá àgbà wọn, a kò sì sọ ohun tó pa á fún wọn ju "àìsàn ránpẹ́" lọ. Bí dókítà bá wá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ti ní àrùn yìí rí?", kí ni wọn yóò sọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, ẹ fọgbọ́n bi àwọn àgbà léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi ìdílé bàbá bí ẹ ti bi ti ìyá, nítorí pé ọkùnrin náà lè gbé jíìnì yìí fún ọmọbìnrin rẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀pọ̀ tó ní àrùn yìí ni kò jogún rẹ̀, nítorí náà obìnrin tó bá rí kókó nínú ọmú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ.

Odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kí ó sì jẹ́ kí a tún ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Àṣẹ.