Kì í Ṣe Owó Gbà-Má-Bìínú: Ìtàn Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ tí Ẹ̀rọ Ṣe Léṣe



Ta ni ó ń gbé ìlú Benin tí kò mọ ìró ayùn sọ́míìlì? Igi àti rọ́bà ni wọ́n fi mọ agbègbè yìí láti ayé àwọn Òyìnbó. Ní Sapele, ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood, tí í ṣe ti UAC, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ jọ sídìí ẹ̀rọ ìlagi. Ṣùgbọ́n ayùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi àti ìka. Bí ó bá gé ọmọ ẹni lọ́wọ́, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀gá rẹ̀ ṣe dáadáa: ó gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì fún un ní owó gbà-má-bìínú. Orúkọ yẹn gan-an ni mo ní ẹjọ́ sí. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń sọ pé “gbà, má bínú.” Lójú òfin, gbèsè ni owó yìí.

Ó pẹ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ kan wáyé ní 1837 lórí ọmọṣẹ́ alápatà kan tí ó ṣèṣe nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti fà á yọ pé bí àṣìṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣe ọ́ léṣe, ọwọ́ ọ̀gá mọ́. Àfi kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ọ̀gá gan-an ló jẹ̀bi. Ta ni yóò sì jẹ́rìí lòdì sí ẹni tí ń fún un lóúnjẹ? Ọdún 1897 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó pàṣẹ pé, nínú àwọn iṣẹ́ eléwu, ọ̀gá yóò san, ìbáà jẹ̀bi, ìbáà má jẹ̀bi. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ ogun wọn gba ìlú Benin, tí wọ́n sì mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar! Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa títí di 1941, lẹ́yìn ọdún 44.

Ní 1941 yìí náà ni Michael Imoudu, ọmọ Ora ní ìpínlẹ̀ Edo níbí, tí ó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní rélùwéè, kó àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn láti Ebute Mẹ́ta lọ bá Gómìnà Bourdillon. Owó iṣẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfarapa. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ìjọba ìbá rántí ìka òṣìṣẹ́ bí kò bá sí ẹni tí ń pariwo. Ní 1943 wọ́n mú un, wọ́n sì há a mọ́ Auchi títí di 1945.

Òfin 1987 fi owó oṣù 42 sílẹ̀ fún ẹbí òṣìṣẹ́ tó kú, àti 54 fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì mọ bí irú owó àgbàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn lọ.

Ìyípadà ńlá dé ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2010, nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Employees' Compensation Act. Ọ̀gá yóò máa dá 1% àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tí ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, 90% owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa gbà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé òfin ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àdéhùn ẹnu lásán ni wọ́n ṣe.

Àwa tí ọmọ wa ń kọ́ṣẹ́ ní sọ́míìlì, ọjọ́ 14 péré ni òfin fún òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá létí. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti ròyìn rẹ̀ fún NSITF. Ìwé tí a fi ń béèrè owó kò gbọdọ̀ kọjá ọdún kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé wá pé kí ọmọ yín fọwọ́ sí i pé òun kò ní béèrè nǹkan kan mọ́, òfin kò ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí. Kóòtù National Industrial Court wà ní ìlú Benin níbí fún ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù.